Bí Wọ́n Ṣe Dán Tíì Ewé Wò fún Ibà ní Màlì, àti Ohun Tó Yẹ Kí Ìdílé Wa Mọ̀ Nípa Rẹ̀

Kò sí ọjà ńlá kan nílẹ̀ Yorùbá lónìí tí wọn kì í ti ta tíì ewé. Ó wà nínú páálí aláràbarà, ó wà nínú ọ̀rá, wọ́n ń polówó rẹ̀ lórí rédíò, wọ́n sì ń tà á lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ọ̀kan ní ibà ni òun ń wò, èkejì ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ̀kẹta ní kò sí àìsàn tí òun kò lè lé lọ. Ìbéèrè tó yẹ kí bàbá tàbí ìyá béèrè kí wọ́n tó ra á kò le: lára ta ni wọ́n ti dán an wò, ìwọ̀n wo ni wọ́n fún wọn mu, kí ni ó sì ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí kò ṣiṣẹ́ fún? Ọ̀pọ̀ tíì tó wà lọ́jà kò ní ìdáhùn kankan sí i. Àwọn díẹ̀ ní. Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí wọ́n ṣe fún ibà ní orílẹ̀-èdè Màlì, òun ni a ó sì fi ṣe àpẹẹrẹ níbí, nítorí pé gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ̀ wà ní àkọsílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ohun tí ẹ̀sìn sọ

Gbogbo wa la mọ hadiisi tí Bukhari gbà wá pé Ọlọ́hun kò sọ àrùn kan kalẹ̀ láìsọ ìwòsàn rẹ̀ kalẹ̀. Àwọn tó ń ta oògùn fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, wọ́n máa ń fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ìpolówó wọn. Èyí tí Muslim gbà wá láti ọ̀dọ̀ Jabir (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) fi nǹkan kan kún un tí a kì í sábà gbọ́ lẹ́nu wọn: oògùn gbọ́dọ̀ bá àrùn náà mu gan-an kí aláìsàn tó rí ìwòsàn pẹ̀lú ìyọ̀ǹda Ọlọ́hun. Ìyẹn ni pé kì í ṣe ewé yòówù fún àìsàn yòówù. Ẹ̀kẹta wà nínú àkójọ Abu Dawud, òun ló sì wúwo jù nínú ọ̀rọ̀ yìí: ẹni tó bá ń tọ́jú aláìsàn nígbà tí a kò mọ̀ ọ́n mọ ìmọ̀ ìṣègùn, ọrùn rẹ̀ ni ẹrù ohun tó bá ti ẹ̀yìn rẹ̀ yọ wà. Àwọn onímọ̀ fíkíhì ti gbé ìdájọ́ kalẹ̀ lórí èyí láti ayébáyé.

Àwọn Mùsùlùmí onímọ̀ ìṣègùn ti ìgbà àtijọ́ kò fojú kéré rẹ̀. Ibn Sina, tó kú ní ọdún 1037, to àwọn òfin tí a fi ń dán oògùn wò lẹ́sẹẹsẹ sínú ìwé rẹ̀ al-Qanun. Ó ní oògùn náà gbọ́dọ̀ mọ́, kí ohun mìíràn má ti kó wọ inú rẹ̀. Ó ní àìsàn kan ṣoṣo ni kó wà lára ẹni tí a ó dán an wò lára rẹ̀, kì í ṣe àìsàn mẹ́ta tó dà pọ̀. Ó ní kí a máa ṣọ́ àsìkò tí oògùn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí a sì rí i pé ohun kan náà ló ń ṣe nígbà gbogbo, nítorí èyí tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lè jẹ́ èèṣì. Ó sì ní lára ènìyàn ni kí ìdánwò parí sí, nítorí ohun tó ṣe kìnnìún tàbí ẹṣin kò fi dandan ṣe ọmọ ènìyàn. Bí ẹ bá ka ohun tí wọ́n ṣe ní Màlì lẹ́yìn nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún, ẹ ó rí i pé àwọn òfin wọ̀nyí náà ni.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ṣàìsàn

Àwọn Mùsùlùmí ló pọ̀ jù ní Màlì. Bíi tiwa, ibà ni ó ń gbé ọ̀pọ̀ ọmọdé dé ilé ìwòsàn, abúlé tó jìnnà sí títì pọ̀, àgbo sì ni ọ̀pọ̀ ìdílé kọ́kọ́ máa ń gbé kaná. Ní Bamako, olú-ìlú wọn, ìjọba ní ẹ̀ka kan tó ń rí sí ìṣègùn ìbílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Drissa Diallo àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ló bá Bertrand Graz tó wá láti Switzerland àti Merlin Willcox tó wá láti Gẹ̀ẹ́sì ṣe iṣẹ́ yìí.

Oògùn òyìnbó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti inú yàrá àyẹ̀wò. Wọ́n á yọ èròjà kan jáde lára igi, wọ́n á dán an wò nínú ìgò, wọ́n á dán an wò lára eku, ìgbẹ̀yìn ni yóò tó dé ọ̀dọ̀ ènìyàn, owó tí wọn yóò sì ti ná kí ó tó débẹ̀ kò kéré. Àwọn ti Màlì yí i padà. Wọ́n ní ewé yìí, àwọn baba ńlá wa ti ń mu ún, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó mu ún, kí yàrá àyẹ̀wò gbẹ̀yìn.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà béèrè ọ̀rọ̀ ni ó yẹ kí gbogbo wa kọ́. Wọn kò wọ abúlé kí wọ́n máa béèrè pé ewé wo ló dára fún ibà. Bí ẹ bá béèrè bẹ́ẹ̀, gbogbo ènìyàn ni yóò ní ìdáhùn, ọ̀pọ̀ rẹ̀ á sì jẹ́ ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Láti ilé dé ilé, ní agbègbè Sikasso àti ti Bandiagara, ohun tí wọ́n béèrè ni pé: ta ni ibà ṣe nínú ilé yìí láìpẹ́? Kí ni ó kọ́kọ́ lò? Kí ni ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà? Ṣé ara rẹ̀ yá, àbí ẹ tún wá nǹkan mìíràn fún un, àbí ó burú sí i? Wọ́n gba àkọsílẹ̀ aláìsàn 952. Ewé, egbò àti èèpo igi tí àwọn ènìyàn náà lò jẹ́ oríṣi 66.

Ẹ wo ìdí tí irú ìbéèrè yìí fi ṣe pàtàkì. Ẹni tí àgbo bá ṣiṣẹ́ fún ló máa ń padà wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹlẹ́wé ọmọ. Ẹni tí kò ṣiṣẹ́ fún ti gba ibòmíràn lọ, tàbí kí ó ti dolóògbé. Nítorí náà, ẹlẹ́wé ọmọ tó jẹ́ olóòótọ́ pàápàá lè gbàgbọ́ tọkàntọkàn pé oògùn òun kì í tàsé, kì í sì í ṣe irọ́ ló ń pa. Ilé àwọn aláìsàn nìkan ni ìròyìn yòókù wà.

Nínú oríṣi 66 náà, ọ̀kan yọ sílẹ̀. Gbogbo àwọn tó sọ pé òun ni àwọn lò ló sọ pé ara àwọn yá. Bozobo ni àwọn ará Màlì ń pè é ní èdè Bambara. Orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ewéko ni Argemone mexicana. Ó jẹ́ ewéko kékeré ẹlẹ́gùn-ún tó máa ń hù lẹ́bàá ọ̀nà àti lórí ilẹ̀ tí a ti kọ̀ sílẹ̀. Òdòdó rẹ̀ pupa rúsúrúsú bí ìyeyè, bí ẹ bá sì ya ewé rẹ̀, oje tó ń jáde náà rí bẹ́ẹ̀. Láti ilẹ̀ Mẹ́síkò ló ti wá sí Áfíríkà, nítorí náà kì í ṣe gbogbo ohun tí à ń pè ní ìbílẹ̀ ló ti ilẹ̀ wa hù.

Ìfe mélòó lójúmọ́?

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni ìgbésẹ̀ kejì, ibẹ̀ sì ni àgbo ilé wa ti máa ń kùnà jù. Mélòó ni ìfe kan? Ṣé ìfe ọmọdé ni àbí ti àgbà? Ọjọ́ mélòó? "Máa mu ún títí ara á fi yá" kì í ṣe ìwọ̀n.

Ní abúlé Missidougou ní Màlì, wọ́n fún aláìsàn 80 ní omi ewé náà tí wọ́n sè. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn àkọ́kọ́ mu ún lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn kejì mu ún lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ méje. Àwọn kẹta mu ún lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n sì wá dín in kù sí ẹ̀ẹ̀mejì fún ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí ọjọ́ kẹrìnlá pé, àwọn tí ara wọn yá dáadáa nínú ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ kò ju 35 nínú 100 lọ. Nínú ọ̀wọ́ kejì, wọ́n jẹ́ 73 nínú 100. Nínú ọ̀wọ́ kẹta tó mu ún jù lọ, wọ́n jẹ́ 65 nínú 100.

Ewé kan náà ni o, abúlé kan náà sì ni. Ẹni tó mu ún fún ọjọ́ mẹ́ta ìbá sọ pé ewé náà kò dára, ẹni tó mu ún fún ọjọ́ méje ìbá máa yìn ín kiri. Àfikún mímu tí àwọn kẹta ṣe kò sì fi nǹkan kan kún un fún wọn. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé bí àgbo bá ṣe korò tó, tí a sì ṣe mu ún tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe ṣiṣẹ́ tó. Iye tí wọ́n rí yìí kò gbè é lẹ́sẹ̀.

Ohun mìíràn tún hàn níbẹ̀: ó ṣiṣẹ́ dáadáa fún àwọn tó ti ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ ju bó ti ṣiṣẹ́ fún àwọn ọmọ kéékèèké lọ. A ó padà sórí èyí.

Wọ́n fi í wé oògùn ilé ìwòsàn

Ìgbésẹ̀ kẹta ni èyí tí àwọn dókítà máa ń wò kí wọ́n tó gba oògùn gbọ́. Wọ́n mú aláìsàn 301, nǹkan bí ìdajì wọn kò ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Wọ́n fi ìbò pín wọn, kí ó má baà jẹ́ pé àwọn tí ara wọn le ni wọ́n fún ní tíì, kí wọ́n sì kó àwọn tó rẹ̀ jù sí apá kejì. Àwọn kan mu omi ewé bozobo, àwọn yòókù lo artesunate pẹ̀lú amodiaquine, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn oògùn ibà alápapọ̀ tí ilé ìwòsàn ń pè ní ACT. Ọjọ́ 28 ni wọ́n fi ṣọ́ wọn. Bí tíì kò bá ṣiṣẹ́ fún ẹnì kan, oògùn mìíràn wà nílẹ̀ tí wọn yóò fún un. Wọn kò fi ẹ̀mí ẹnikẹ́ni ta tẹ́tẹ́.

Àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2010. Nínú àwọn tó mu tíì, 89 nínú 100 ni kò nílò oògùn mìíràn títí ọjọ́ 28 fi pé. Nínú àwọn tó lo ACT, wọ́n jẹ́ 95 nínú 100. Ní ti àwọn ọmọ ọdún márùn-ún sísàlẹ̀, àwọn tí ibà wọn di líle kò pé méjì nínú 100, iye náà sì dọ́gba nínú ọ̀wọ́ méjèèjì. Kò sí ìkankan nínú àwọn tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ibà rẹ̀ di líle. Kò sí ẹni tó dákú tàbí tí gìrì mú.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni wọ́n tó wá wọ yàrá àyẹ̀wò láti mọ ohun tó wà nínú ewé náà. Wọ́n rí berberine àtàwọn èròjà mìíràn níbẹ̀. Ìwúlò èyí ni pé bí ẹnì kan bá kó ewé wá lọ́la, wọ́n lè wọn èròjà yìí láti mọ̀ bóyá ewé náà lágbára tó èyí tí wọ́n fi ṣe ìdánwò. Láìsí irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀, tíì ti oṣù yìí lè yàtọ̀ pátápátá sí ti oṣù tó ń bọ̀, kódà kí páálí wọn jọra. Gbogbo iṣẹ́ náà gba ọdún mẹ́fà, ìjọba Màlì sì fọwọ́ sí oògùn náà.

Ohun tí 89 yẹn kò sọ

Ibí yìí ni ó yẹ kí a ti fara balẹ̀ jù, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn oníṣòwò ti máa ń yí ọ̀rọ̀ po.

Yíyá ara yàtọ̀ sí pípa kòkòrò ibà tán. Nínú ìdánwò ti Missidougou, ara ọ̀pọ̀ ènìyàn yá, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ, ṣùgbọ́n kòkòrò ibà ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ó dín kù. Báwo ni ẹni tí kòkòrò ṣì wà lára rẹ̀ ṣe lè sọ pé ara òun yá? Àwọn tó ń gbé níbi tí ẹ̀fọn ti ń jẹ wọ́n lọ́dọọdún ti ní agbára díẹ̀ nínú ara tó ń bá ibà jà. Bí nǹkan kan bá ti lè dín kòkòrò náà kù, ara wọn á ṣe ìyókù. Ìdí nìyẹn tí tíì náà fi rọrùn fún àgbàlagbà ju ọmọ ọwọ́ lọ: ọmọ ọwọ́ kò tíì ní agbára yẹn.

Ó kan àwọn ìdílé wa tó wà lókè òkun gidigidi. Ọmọ tí wọ́n bí sí London tàbí Houston, tí ó wá kí ìyá àgbà nílé nígbà ọdún Iléyá, kò ní agbára yìí rárá, kódà bí ó bá ti di ọmọ ogún ọdún. Òbí tó dàgbà sí Ìbàdàn, tó ti pẹ́ lókè òkun, ti pàdánù púpọ̀ nínú tirẹ̀ náà. Tíì tó gba ọmọ Missidougou là lè má tó nǹkan kan fún wọn. Bí ibà bá mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílé, tàbí láàárín oṣù mélòó kan lẹ́yìn tó padà, ilé ìwòsàn ni kí ó gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó sì sọ ibi tí ó ti dé.

Ewu kan tún wà lára ewéko yìí fúnra rẹ̀. Èso inú rẹ̀ ní májèlé. Ní India ní ọdún 1998, òróró tí wọ́n yọ lára èso Argemone dà pọ̀ mọ́ òróró mústáádì tí àwọn ará Delhi fi ń se oúnjẹ. Ara àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí wú, ọkàn wọn kò lè ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, àwọn tó kú sì lé ní 60. Ewéko kan náà tí ewé rẹ̀ di oògùn ní Màlì nìyẹn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ka ọ̀rọ̀ yìí tán kí ó wá lọ já ewéko ẹlẹ́gùn-ún lẹ́bàá ọ̀nà, kí ó máa sè é fún ọmọ.

Àwọn tíì mìíràn tí wọ́n ti dán wò

Ní Ghana, ìtàkùn kan wà tí àwọn Akan ń pè ní nibima, Cryptolepis sanguinolenta. Egbò rẹ̀ ni wọ́n ń lò fún ibà. Ilé ìwádìí egbòogi tó wà ní Mampong-Akuapem, tí Dókítà Oku Ampofo dá sílẹ̀ ní 1975, ti ń fi í tọ́jú aláìsàn láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n lọ egbò náà kúnná, wọ́n wọ̀n ọ́n sínú àpò tíì kéékèèké, kí ó má baà sí àríyànjiyàn lórí ìwọ̀n. Aláìsàn 44 ló mu ún lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún. Kí ọjọ́ méje tó pé, kòkòrò ibà ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ gbogbo wọn. Ní ara àwọn méjì, ó tún yọjú kí ọjọ́ 28 tó pé. Èyí dára gan-an, àmọ́ kò sí ọ̀wọ́ kejì tí wọ́n fi wé, èròjà inú egbò náà sì jẹ́ irú èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ àbùdá inú sẹ́ẹ̀lì ara. Aboyún kò gbọdọ̀ fi ṣeré.

Ti Artemisia yàtọ̀. Láti inú ewé yìí ni Tu Youyou, obìnrin ará Ṣáínà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015, ti rí artemisinin, tó jẹ́ ìpìlẹ̀ gbogbo ACT. Nítorí èyí, àwọn kan ń sọ pé kí a kúkú máa mu ewé náà. Ṣùgbọ́n iná tí a fi ń se é máa ń ba èròjà náà jẹ́. Tu Youyou fúnra rẹ̀ kò rójú rẹ̀ àfìgbà tó jáwọ́ nínú lílo ooru púpọ̀. Nígbà tí wọ́n fi tíì rẹ̀ wé quinine lára aláìsàn 132 ní Kóńgò, lẹ́yìn ọjọ́ méje ó ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí 74 nínú 100, quinine sì ṣiṣẹ́ fún 91. Ìyẹn nìkan kọ́: nínú àwọn tó mu tíì, ibà padà sára ọ̀pọ̀ wọn láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé tún sọ pé àwọn kò fọwọ́ sí tíì Artemisia fún ibà, nítorí ìwọ̀n èròjà inú rẹ̀ kò dúró sójú kan, ó sì lè kọ́ kòkòrò ibà bí yóò ṣe máa borí ACT tó kù fún gbogbo wa. Bozobo fẹ́ iná, Artemisia kò fẹ́. Ọ̀nà tí a gbà ń se ewé jẹ́ ara oògùn náà.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni zobo, òdòdó ìsápá tí kì í wọ́n nílé wa lásìkò ìṣínu Ramadan. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Tufts ní Amẹ́ríkà fún ènìyàn 65 tí ẹ̀jẹ̀ wọn ga díẹ̀, tí wọn kò sì tíì lo oògùn rẹ̀, ní ife mẹ́ta lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àwọn kan mu tíì ìsápá gidi, àwọn kan mu omi tí wọ́n po kí ó lè jọ ọ́ ní àwọ̀ àti adùn. Nọ́ńbà òkè nínú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru fi 7.2 wálẹ̀ lára àwọn tó mu ìsápá. Ó fi 1.3 wálẹ̀ lára àwọn yòókù. Ẹ kíyè sí i pé omi lásán náà mú un wálẹ̀ díẹ̀. Bí wọn kò bá ní ọ̀wọ́ kejì yẹn, wọn kì bá mọ̀. Ẹ sì jẹ́ kí n sọ ọ́ síbí: zobo tí wọ́n dán wò kì í ṣe èyí tí a da ṣúgà páálí kan sí. Ẹni tó bá sì ti wà lórí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ó má ṣe tìtorí zobo pa á tì.

Nílé wa

Nígbà tí ẹ bá ra tíì tàbí àgbo tó ní nọ́ńbà NAFDAC, ẹ ka páálí rẹ̀ dópin. Lára ọ̀pọ̀ oògùn ìbílẹ̀ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ ó rí gbólóhùn kékeré kan tó ń sọ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní oògùn náà ń wò sàn wò. Nọ́ńbà yẹn túmọ̀ sí pé wọ́n wo bí wọ́n ṣe ṣe é àti bóyá kò ní ewu. Kò túmọ̀ sí pé ó ń wo ibà.

Àgbo inú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà tún ní ọ̀ràn méjì. Àkọ́kọ́ ni pé omi ewé tí a ti sè, tí ó wà nínú ooru fún ọjọ́ mẹ́ta, ilé kòkòrò ni. Èkejì kan ẹ̀sìn wa tààrà: ọ̀pọ̀ nínú wọn, pàápàá ti jẹ̀díjẹ̀dí àti ti ọ̀pá ẹ̀yìn, ògógóró ni wọ́n fi rẹ ẹ́. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti fi yé wa pé ọtí kì í ṣe oògùn. Ẹ béèrè, ẹ gbóòórùn rẹ̀, kí ẹ sì kọ̀ ọ́. Omi ni wọ́n fi sè gbogbo àwọn tíì tí a sọ̀rọ̀ wọn lókè yìí.

Kò sí ẹni tó ní kí àgbàlagbà má mu ewé tíì tàbí dógóyárò nígbà tí ara ro ó. Ṣùgbọ́n bí ara ọmọ bá gbóná, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kíákíá tí wọ́n fi ń gún ọmọ ìka ni àkọ́kọ́, kì í gbà ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Bí ó bá jẹ́ ibà, ACT ni kí wọ́n fún un, kí ó sì lò ó tán. Bí kò bá jẹ́ ibà, àgbo ibà kò ní wò ó sàn, ó sì lè jẹ́ àrùn mìíràn tó ń fẹ́ ìtọ́jú kíákíá. Ọmọ tí kò lè mu ọmú tàbí omi mọ́, tó ń bì gbogbo ohun tó bá jẹ, tí gìrì mú, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun, tí mímí rẹ̀ le, tàbí tí ó ń sùn tí kò ṣeé jí, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òru. Bẹ́ẹ̀ náà ni aboyún tí ibà mú.

Bí ọmọ bá sì ti mu àgbo kí ẹ tó débẹ̀, ẹ má ṣe fi pamọ́ nítorí ìbẹ̀rù pé nọ́ọ̀sì á bínú. Ẹ sọ ohun tó mu, iye tó mu àti ìgbà tó mu ún. Bí páálí rẹ̀ bá wà, tàbí ewé rẹ̀ bá kù nílé, ẹ mú un dání.